Ṣọ́jà Ìdí Odó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ Ìdírísù ará Erìò ní Èkìtì fún yín. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Mo ní kí n fi orúkọ mìíràn pè é, kí àwọn ènìyàn má baà máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní rárá o, wọ́n ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ tán, èwo ló tún kù? Ó ní kí n ṣáà sọ ọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹnu fẹ́ obìnrin lè gbọ́.

Kì í ṣe pé ó jalè o. Kò sì gba obìnrin olóbìnrin. Irọ́ ló pa, irọ́ kékeré kan báyìí, ó sì kù díẹ̀ kí irọ́ náà gba obìnrin tó fẹ́ràn jù láyé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́dún 1968 ni, nígbà tí ogun ń jà lápá ìlà-oòrùn. Ìdírísù ń fẹ́ Amudalat, ọmọ Bàbá Sànúsí ní Aramọkọ. Ọmọbìnrin náà dúdú, ó ń dán, ó ti ka ìwé mẹ́fà, kì í sì í gba ìgbàkugbà. Bàbá rẹ̀ ní oko kòkó, ó ní oko iṣu, ó sì ní ojú tó lè wo ènìyàn títí ènìyàn á fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ojú yẹn ló fi wo Ìdírísù lọ́jọ́ tó lọ kí i.

"Kí niṣẹ́ ẹ?"

"Mò ń ran bàbá mi lọ́wọ́ lóko, sà."

"Iṣẹ́ tìrẹ ni mo bèèrè. Mi ò bi ọ́ ní ti bàbá ẹ. Ọkùnrin tí kò tíì ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀, ọmọ tèmi kọ́ ló máa kọ́kọ́ ṣe."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, Ìdírísù bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ wọṣẹ́ ológun wọ ọkọ̀. Ó dágbére fún Amudalat lẹ́bàá ọjà, ó gbé àyà síwájú bí ẹni tó ti wọ kákí.

"Tí n bá ń padà bọ̀, bàbá ẹ ló máa wá pàdé mi lọ́nà."

Amudalat ní, "Ìwọ ṣáà máa kọ̀wé sí mi. Ọ̀rọ̀ ẹ, ẹnu ìwọ gan-an ni mo ti fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn o.

Àgọ́ ológun tí wọ́n kó wọn lọ kò jìnnà sí Ìbàdàn. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń fàyà fà nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń gbé ìbọn léjìká. Kò ṣòro fún Ìdírísù rárá. Ẹni tó ti ń fi orí ru iṣu gun òkè Erìò láti kékeré, eré kí ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lójú ogun, ó ti ń rí Bàbá Sànúsí tó ń na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Àfi lọ́jọ́ tí Sájẹ́ǹtì Mákindé dúró níwájú wọn, tó fajú ro.

"Àwọn ọ̀gá wa ń bínú. Iyán tí wọ́n gbé fún wọn lánàá, kókó inú rẹ̀ tó ohun tí ènìyàn lè kì sínú ìbọn. Nínú gbogbo yín, ta ló mọ iyán gún?"

Ta ló wá síṣẹ́ ológun kó wá gúnyán? Ìdírísù náà panu mọ́. Ẹ sì wò ó o, ó mọ̀ ọ́n gún! Ìyá rẹ̀ ò bímọ obìnrin kankan, òun sì ni àkọ́bí, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ gún un láti kékeré. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gún un, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà rí i. Ó ti pinnu pé ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnìkan ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Ibẹ̀ ni ọmọ Iléṣà kan tó ń jẹ́ Akínyẹmí ti la ẹnu rẹ̀ ní ìlà ẹ̀yìn.

"Sà, àwa Ìjẹ̀ṣà la niyán. Àwọn Èkìtì kàn ń fi ariwo jẹ ẹ́ ni."

Háà! Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tó ń kà mí yìí, ẹ bá mi dá a lóhùn: ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tó máa dákẹ́?

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìdírísù ti jáde nínú ìlà kó tó mọ̀. "Àwa la niyán! Ẹ gbé odó wá síbí, kí n fi hàn yín!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n gbé odó wá. Ìdírísù gún un. Ọ̀gá àgbà jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó ní kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ náà kíákíá, kí nǹkan kan má lọ ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Mákindé ní, "Láti òní lọ, ilé ìdáná ni wàá ti máa ja ogun tìrẹ."

"Sà, ogun ni mo wá jà, mi ò wá gúnyán."

"Ebi náà ogun ni. Kọjú sódó!"

Ìdírísù kọjú sódó. Nígbà tó yá ló tó mọ̀ pé Akínyẹmí yìí gan-an ni wọ́n mú gún èyí tó ní kókó lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹni tó máa gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì ń wá. Nígbà tí Ìdírísù gbọ́, ó kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó sórí òkìtì iṣu tí wọ́n kó sílé ìdáná, ó mú bírò àti ìwé. "Amudalat mi ọ̀wọ́n, àlàáfíà ni mo wà. Wọ́n ti fi mí sí ìdí..."

Bírò dúró. Ìdí kí ni? Ìdí odó? Ó mọ̀ pé Bàbá Sànúsí máa ní kí Amudalat kà á sókè. Ó ti ń gbọ́ ohùn bàbá náà létí: "Mo bi í níṣẹ́, ó lọ sí Ìbàdàn lọ ń gúnyán!"

Akínyẹmí yọjú láti wá jí iṣu sísun, ó yẹ ìwé náà wò.

"Kọ òótọ́ sí i, jàre. Ṣé o pa ènìyàn ni?"

"Ìwọ tó tì mí síbẹ̀ lò ń gbà mí nímọ̀ràn? Ó yá, máa lọ."

Nígbà tí Akínyẹmí lọ, Ìdírísù kọ ọ́: "ìdí ìbọn ńlá." Bó ṣe kọ ọ́ tán, ó dùn mọ́ ọn. Ó tún kún un: "Tí mo bá yìn ín, ilẹ̀ a mì tìtì, àwọn ọ̀gá mi a sì pàtẹ́wọ́." Ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó fi ránṣẹ́ kí ẹ̀rí-ọkàn tó jí.

Èsì dé. Amudalat kọ̀wé pé bàbá òun ní kí òun tún un kà, ó ránṣẹ́ pe àwọn aládùúgbò, ó tún ní kí òun tún un kà fún wọn. Ó ní nígbà tí bàbá òun pàdé bàbá Ìdírísù lọ́jà, ọwọ́ méjèèjì ló fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Bàbá ní òun ti rí àna. Ṣùgbọ́n Ìdírísù, ṣé ìbọn ńlá yẹn ò ní ṣe ọ́ ní nǹkan? Ẹ̀rù ń bà mí."

Ibi tó yẹ kó ti dúró nìyẹn. Ó rí ibi tí Amudalat ti ní ẹ̀rù ń ba òun, ó kà á, ó sì fò ó. Irọ́ pípa kò yàtọ̀ sí ẹ̀pà jíjẹ, kò rọrùn fún ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ láti dáwọ́ dúró. Kò pẹ́, Ìdírísù ti kúrò nínú àgọ́ lórí ìwé, ó ti dé ojú ogun. Gbogbo ohun tí àwọn tó ti ojú ogun dé bá ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, òun á bù ú, á fi sínú lẹ́tà, á fi ata tirẹ̀ sí i. Ó ti la odò kọjá. Ọta ti gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, fìì! Lọ́jọ́ kan, ọmọ odó ta á níka, ó di àkísà mọ́ ọn. Ó kọ̀wé sílé pé, "Mo farapa díẹ̀, àmọ́ ẹ má dààmú, mo ti padà sídìí ìbọn."

Ẹ má dààmú, ó ní! Ta ni kò ní dààmú?

Lẹ́tà tó tẹ̀lé e látọ̀dọ̀ Amudalat kò gùn rárá.

"Ìdírísù, bàbá mi ti yí ohùn padà. Wọ́n ní àwọn ò lè fa ọmọ àwọn fún ẹni tí ìbọn ń wá kiri. Wọ́n ní kò ní ṣojú àwọn kí n di opó kí n tó di ìyàwó. Bùràímọ̀ tó ń ra kòkó ní Ìjerò ti rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá gba èsì. Mi ò lè bá bàbá mi jiyàn, torí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ló ń ba èmi náà. Lèmọ́ọ̀mù àti gbogbo àdúgbò ń ṣàdúrà fún ẹ ní mọ́ṣáláṣí. Àlá kan ṣáá ni mò ń lá. Wọ́n ń gbé aṣọ ṣọ́jà ẹ wá fún mi, ìwọ ò sí nínú ẹ̀."

Ìdírísù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irọ́ tó pa kó lè di àna Bàbá Sànúsí, òun náà ló fẹ́ gba Amudalat lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Ọmọ tí kò sí ohun tó ń ṣe é ju kí ọmọ odó ta á níka lọ, ó ti fi ẹkún wú ojú ọmọ ọlọ́mọ. Kò tíì kórìíra ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Tó bá kọ òótọ́ ránṣẹ́, ọjọ́ ọjà á ti kọjá kí lẹ́tà tó dé. Ó dìde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Sájẹ́ǹtì Mákindé, ó rò ó fún un láìfi ọ̀kan bò. Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú.

"Ìwọ ni wọ́n ń ṣàdúrà fún? Ìwọ tí ooru iṣu nìkan ló ń bá ẹ jà? Ó dáa, tí o bá lọ, ta ló máa gúnyán?"

"Èmi, sà," Akínyẹmí ló dáhùn lẹ́yìn wọn.

"Ìwọ? Kókó tìrẹ ló gbé wa dé ibi tí a wà yìí!" Sájẹ́ǹtì mi orí. "Lọ, Ìdírísù. Sọ òótọ́, kó o sì tètè padà. Tó o bá pẹ́, ara ẹ la máa gún."

Ó wọ bọ̀lẹ̀kájà. Láti Iléṣà ló ti ń dá ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè lọ sí Ìtawùrẹ́, tí atẹ́gùn òkè Ẹ̀fọ̀n ń fẹ́ sí i lójú, ó ti mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ìyá arúgbó kan tó jókòó tì í bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un.

"Gbà, ọmọ mi. Ẹ kú ogun o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi yín rúbọ."

Ìdírísù di ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà mú, kò lè jẹ ẹ́. Ojú tì í gidi gan-an.

Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ ní Aramọkọ, ariwo ta. "Ṣọ́jà Amudalat dé o! Ẹni tí ọta kọjá létí rẹ̀ dé o!" Àwọn ènìyàn tẹ̀lé e, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú ilé Bàbá Sànúsí, ó rí i pé Bùràímọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti jókòó sórí ẹní, obì wà níwájú wọn.

Amudalat sáré jáde. Ó ti rù, egungun ọrùn rẹ̀ yọ. Kò tilẹ̀ kí i. Ó di etí rẹ̀ mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ wò.

"Níbo lọta ti bà ọ́? Fi hàn mí, má fi pamọ́."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí láti Iléṣà fò lọ. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Bàbá Sànúsí lójú gbogbo ènìyàn.

"Bàbá, ẹ dákun. Irọ́ ni mo pa. Mi ò dé ojú ogun rí. Mi ò mọ ìdí ìbọn ńlá. Ilé ìdáná ni wọ́n fi mí sí nínú àgọ́. Iyán ni mò ń gún fún àwọn ọ̀gá."

Bàbá Sànúsí bú sẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Ọmọ yìí gbọ́n o! O gbọ́ pé torí ogun ni mo ṣe kọ̀ ọ́, lo bá sọ ìbọn dọmọ odó!"

"Bàbá, òótọ́ ni!"

"Ṣọ́jà ni wọ́n, Bàbá," Bùràímọ̀ sọ̀rọ̀ láti orí ẹní, "wọ́n ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n."

"Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra..."

"Má búra nílé mi." Ẹ̀rín ti kúrò lójú Bàbá Sànúsí. "Ènìyàn ò lè fi ẹnu kan pe ara ẹ̀ ní jagunjagun, kó tún fi ẹnu yẹn kan náà pe ara ẹ̀ ní agúnyán. Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

Ẹ wo ohun tí irọ́ máa ń ṣe! Òótọ́ tó rù wá láti Ìbàdàn, kò rí ẹni tó máa bá a sọ̀ ọ́.

Amudalat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omi dúró lójú rẹ̀.

"Ìdírísù, mo gba ààwẹ̀ tí kì í ṣe ti Ràmàdáànì nítorí ẹ. Tó bá jẹ́ ti ìbọn nirọ́, o jẹ́ kí n fi ebi pa ara mi lásán. Tó bá jẹ́ ti odó nirọ́, a jẹ́ pé o tún ń pa á lójú mi báyìí. Níbo lo fẹ́ kí n dúró sí?"

Ká ní ilẹ̀ lanu níbẹ̀ ni, Ìdírísù ì bá wọlé lọ.

Àfi bí Ìyá Amudalat ṣe yọ láti ìdí iná, tòun ti síbí lọ́wọ́.

"Kí lẹ wá ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí? Uṣu àlejò ti jinná. Odó rè é. Ẹni tó bá ní òun ń gún uyán fáwọn ọ̀gá ṣọ́jà, kó bọ́ síbẹ̀. Odó kì í bá ẹnikẹ́ni purọ́."

Ọ̀rọ̀ bùṣe! Ìdírísù dìde, ó bọ́ aṣọ kákí, ó ká a, ó gbé e lé Amudalat lọ́wọ́. Ó fọ ọwọ́. Ó fi omi ṣan odó. Ó mú iṣu kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìka, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí èyí padà síná díẹ̀, àárín rẹ̀ ò tíì rọ̀." Àwọn obìnrin wo ara wọn.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sáré. Ó kọ́kọ́ ń tẹ iṣu náà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, kò gbé ọmọ odó ga, títí kò fi sí èyí tó dá dúró mọ́. Ìyá Amudalat fẹ́ bomi sí i, ó ní, "Ẹ dúró ná, Ìyá." Lẹ́yìn náà ló wá gbé ọmọ odó sókè. Kì! Kì! Kì! Ibẹ̀ ni àṣà àgọ́ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀.

"Lẹ́fù! Ráì! Lẹ́fù! Ráì!"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́ sí i, "Lẹ́fù! Ráì!" Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà dìde, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Bàbá Sànúsí kúrò lórí àga, ó wá dúró ti odó, ó bẹ ojú wò ó. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Ìdírísù, kò sì gbójú sókè. Kì í ṣe àwọn ọ̀gá ló ń gúnyán fún lọ́jọ́ yẹn, orí ara rẹ̀ ló ń gún un fún.

Ó bù ú sínú àwo. Ó funfun nini, ó ń fà. Wọ́n bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tì í.

Bàbá Sànúsí bu òkèlè kan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń wá kókó. Ó gbé e mì. Ó bu òmíràn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó bu òmíràn, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ o," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná!"

Nígbà tó yá, ó nu ẹnu, ó wo Ìdírísù pẹ̀lú ojú yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà níbẹ̀.

"Ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ ìbọn. Ọmọ yìí ò dé ojú ogun rí."

"Ọ̀gá wo ló máa jẹ́ kó lọ?" Bùràímọ̀ ní, tòun ti òkèlè lẹ́nu. "Èmi gan-an ò ní jẹ́ kó lọ." Ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́, ó wo Amudalat, tó ṣì di aṣọ kákí mọ́ àyà. "Bàbá, ìyàwó ni mo wá fẹ́, ṣùgbọ́n mo lójú. Ọkàn ọmọ yín ò sí lọ́dọ̀ mi. Ẹ gba obì mi bí obì àlejò, mo ti jẹun yó."

Ẹ wo ọmọlúàbí! Gbogbo wọn súre fún un.

Bàbá Sànúsí ní, "Ìdírísù, mo bi ọ́ níṣẹ́ nígbà kan. O ti dá mi lóhùn. Mo gbà ọ́."

Ìdírísù ti ń fò sókè nígbà tí Amudalat sọ̀rọ̀.

"Bàbá ti gbà. Èmi ò tíì gbà."

Ó wá dúró níwájú rẹ̀. "Gbogbo lẹ́tà ẹ, etí gbogbo àdúgbò ni mo ti kà á. Wọ́n ń gbàdúrà fún ẹ, wọ́n ń bá mi sunkún. Ibi tí irọ́ ẹ dé ni òótọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dé. Wọ aṣọ ẹ, kó o máa lọ láti ilé dé ilé, kó o fẹnu ara ẹ sọ fún wọn."

Ó wọ aṣọ. Ó lọ. Ilé Lèmọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ yà. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀.

"Nítorí ìwọ ni ohùn mi ṣe há ní mọ́ṣáláṣí? Nítorí agúnyán?" Ó ronú díẹ̀. "Ọlọ́run á dárí jì ọ́. Ṣé o lè bá wa gún díẹ̀ kó o tó lọ?"

Ó gún un. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Khàdíjàt, ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tí Ìdírísù bá ti ojú ogun bọ̀ láyọ̀, òun á pa adìyẹ.

"O ò dé ojú ogun? A jẹ́ pé adìyẹ mi bọ́!" Ó tún yí ohùn padà. "Àmọ́ tó o bá máa gúnyán, màá pa á."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ilé dé ilé. Wọ́n á bú u, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa padà dé ilé Bàbá Sànúsí ní ìrọ̀lẹ́, apá rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n, kò lè gbé ife omi dénu.

Amudalat ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ dè é. Iyán ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gún un.

"Jókòó, kó o jẹun."

Gbogbo ilé ń wò ó. Ìdírísù bu òkèlè, ó fi sẹ́nu. Ẹ̀yin ará, kókó! Ó bu òmíràn, kókó tó wà nínú ìyẹn tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wo Bàbá Sànúsí, Bàbá Sànúsí gbójú sókè ó ń wo àjà.

"Báwo ló ṣe rí?" Amudalat bi í.

Ó dé orí ahọ́n rẹ̀ pé, ó dùn, ó rí múlọ́múlọ́, mi ò jẹ irú ẹ̀ rí. Ṣé irọ́ nìyẹn náà? Ọmọbìnrin tó ti sunkún nítorí rẹ̀, tó tún wọ ilé ìdáná nítorí rẹ̀, ṣé ó yẹ kó tún dójú tì í lójú àwọn òbí rẹ̀? Ó wo ojú Amudalat. Ojú náà kò kúrò lára rẹ̀.

"Amudalat," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "kókó wà nínú ẹ̀. Ó sì pọ̀."

Àfi bí Amudalat ṣe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín láti ọjọ́ tí lẹ́tà ojú ogun ti ń dé.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Èmi ni mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi síbẹ̀." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, mo ti gbà."

Ìdírísù padà sí àgọ́. Sájẹ́ǹtì Mákindé fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn, torí ohun tí Akínyẹmí ti fi ojú wọn rí nínú àwo. Ní ọjọ́ Àìkú, ó jókòó sórí iṣu, ó kọ̀wé: "Amudalat mi, iyán ni mo gún lánàá. Òun ni mo gún lónìí. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun náà ni n ó gún lọ́la." Bàbá Sànúsí pe àwọn aládùúgbò, ó ní kí Amudalat kà á sókè. Wọ́n ṣe àmín ju ti ìgbà ìbọn ńlá lọ.

Nígbà tí ogun parí, Lèmọ́ọ̀mù tí ohùn rẹ̀ há yẹn náà ló so yìgì wọn. Bùràímọ̀ wá, ó jókòó síbi tí iyán ti sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé ìfẹ́, ẹ má fi irọ́ wá iyì lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn yín. Ìdírísù ò ní iyì lọ́wọ́ nígbà tó wà nídìí ìbọn ńlá orí ìwé, bí kò ṣe nígbà tó wà nídìí odó.

Àmọ́ ẹ má rò pé ó ti bọ́ pátápátá o. Ẹ mọ ọkùnrin. Nígbà mìíràn, tí àlejò bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Erìò, tó bá ń sọ̀rọ̀ ìgbà tó wà ní ṣọ́jà, tí ọ̀rọ̀ náà bá fẹ́ máa wú, ẹ ó gbọ́ ohùn Amudalat láti ìdí iná:

"Bàbá Rafiu! Kókó wà níbẹ̀ o!"

Ọ̀gbẹ́ni á dákẹ́, á mi orí, á sì tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.